Kí Ni Dókítà Ojú Ń Kọ́ fún Ọdún Méjìlá?

Ní àwọn ìlú etí omi Ìjẹ̀bú, láti Abígi títí dé Ìbíadé àti Ìwópin, kò ṣọ̀wọ́n kí a rí àgbàlagbà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá bèèrè ohun tí ó ṣe é lójú, àwọn ará ilé a dáhùn pé ogbó ni. Èsì yìí kò tọ̀nà. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, a yẹ ojú ènìyàn 13,591 wò, àwọn tí wọ́n ti pé 40 ọdún sókè. A rí i pé nínú 100 afọ́jú, 84 ni ó jẹ́ pé ohun tí ó fọ́ wọn lójú ṣeé dènà tàbí kí ó ṣeé wò. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní kàtáráàtì nìkan ni ó fọ́ 43 nínú 100 náà lójú. Awò kékeré kan wà tí Ọlọ́run fi sẹ́yìn ọmọlójú. Ó yẹ kí ó mọ́ gaara bí omi àmù, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ó lè ṣú, kí ó sì funfun. Kò sí àgbo, kò sì sí oògùn ìkánjú tí ó lè là á. Àfi iṣẹ́ abẹ.

Lọ́wọ́ dókítà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ abẹ yìí kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ibí yìí ni àròyé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí a máa wí pé: iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú, kí ló dé tí ọmọ yóò fi kọ́ ọ fún ọdún méjìlá? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú a máa wí bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá rí i pé ẹgbẹ́ wọn tí ó lọ sẹ́nu òwò ti kọ́lé kí àwọn tó parí ìdánwò. Èrò tèmi ni pé ọdún méjìlá náà kò pọ̀ jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka àwọn ọdún náà. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì kí ó tó di dókítà. Ọmọ Ìbíadé kò ní láti lọ jìnnà fún èyí: yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, tí a ń pè ní Olabisi Onabanjo University láti 2001, ń kọ́ àwọn dókítà rẹ̀ ní Ṣágámù. Ọdún kan ni yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, ọdún kan ni yóò fi ṣe àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ojú gan-an, ó kéré tán ọdún mẹ́rin, lábẹ́ West African College of Surgeons tàbí National Postgraduate Medical College of Nigeria. Ìdánwò ibẹ̀ le. Ẹni tí ó bá kùnà yóò tún un ṣe, ọdún yóò sì máa gorí ọdún.

Àwọn kan wà tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rárá, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ lójú ènìyàn. Wọ́n ń rìn kiri láti abúlé dé abúlé, pàápàá ní Òkè Ọya, ṣùgbọ́n ìhà tiwa kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é ní Íńdíà. Alábẹ́rẹ́ yóò gún ohun mímú bọ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú, yóò sì fi ti awò tí ó ṣú náà ṣubú sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Lójú ẹsẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé: arúgbó rí ọwọ́ ara rẹ̀, inú gbogbo ilé dùn, a sanwó, alábẹ́rẹ́ sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kì í dúró rí ohun tí ń tẹ̀lé e. Ohun tí ó yẹ kí a mú jáde ṣì wà nínú. Ìdọ̀tí lè ti bá abẹ́rẹ́ wọlé. Omi inú ojú lè má rí ọ̀nà jáde mọ́, kí ẹyinjú le bí òkúta, kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní sì kú pátápátá. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu kàn lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ojú tí a ti ṣiṣẹ́ kàtáráàtì fún tí ó jẹ́ pé alábẹ́rẹ́ ni ó ṣe é. Èmi kò bú àwọn tí ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Alábẹ́rẹ́ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Dókítà kò wá.

Kí wá ni dókítà ń kọ́ tí alábẹ́rẹ́ kò mọ̀? Apá kan rẹ̀ ni ti ọwọ́. Inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni awò ojú wà. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ibi tí àpò náà ti fẹ́lẹ́ jù lọ lẹ́yìn kò ju nǹkan bí 4 nínú rẹ̀ lọ. Dókítà gbọ́dọ̀ la iwájú àpò, kí ó kó èyí tí ó ṣú jáde, kí ó má sì ya ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí inú àpò kan náà ni yóò fi awò tuntun sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀rọ fọ́ kàtáráàtì sí wẹ́wẹ́, ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ kan ń darí ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ń darí èyí tí ń fọ́ kàtáráàtì, bí ahunṣọ nídìí òfì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ojú ènìyàn bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ewúrẹ́ tí a rà ní odò ẹran ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń gé, tí ó sì ń fi okùn tí ó tínrín ju irun orí lọ rán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rẹ̀ yóò jókòó tì í, tí yóò jẹ́ kí ó ṣe apá kan lára aláìsàn, títí yóò fi lè dá a ṣe.

Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ kọ́ ni ó gba ọdún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń gba ọdún ni kí a mọ ojú tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ kàn. Àrùn mìíràn wà tí a ń pè ní glaucoma. Iṣan tí ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ni ó ń pa díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, èyí tí ó bá sì ti bà jẹ́ kò ṣeé dá padà. Arúgbó méjì lè jókòó sórí àga kan náà, kí àwọn méjèèjì wí pé àwọn kò ríran mọ́. Bí a bá ṣiṣẹ́ abẹ kàtáráàtì fún wọn, ọ̀kan yóò ríran lọ́la. Èkejì kò ní í rí ohunkóhun, owó rẹ̀ yóò sì ṣègbé. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, kí ó sì ní ìgboyà láti sọ fún èkejì pé kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́. Apẹja tí ó ti ń fi ojú gba oòrùn orí omi láti kékeré ńkọ́, tí ẹran ń hù láti igun ojú rẹ̀ bọ̀ wá síwájú ọmọlójú? Akọ̀pẹ tí igi gún lójú, tí wọ́n ti fi ìtọ̀ tàbí oje ewé fọ̀ ọ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńkọ́? Ìtọ́jú wọn kò jọra, ẹni tí ó bá sì fi gbogbo wọn pe kàtáráàtì yóò ba ojú jẹ́.

Awò tuntun tí a ń fi sójú náà ní ìtàn tirẹ̀. Dókítà Harold Ridley, ará Ìlú Ọba, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí í ṣe Ghana òní nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣàkíyèsí pé èérún ike tí ó fò láti ara ọkọ̀ òfuurufú wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun lè wà níbẹ̀ láìmú ojú wú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tí ń wo iṣẹ́ rẹ̀ bi í pé, nígbà tí ó ti yọ awò tí ó ṣú, èéṣe tí kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀? Ní oṣù kọkànlá 1949 ni ó fi awò oníke àkọ́kọ́ sójú aláìsàn ní St Thomas' Hospital, London. Ọ̀pọ̀ àgbà nínú iṣẹ́ náà ta kò ó fún ọdún pípẹ́. Orúkọ ọ̀gá ni ayé mọ̀, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹni tí ó bá ta ko èrò mi yóò wí pé, bí a bá ń dúró de ọdún méjìlá, àwọn arúgbó etí omi yóò kú sínú òkùnkùn. Òótọ́ ni pé àwọn dókítà yìí kò tó, pé ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, pé àwọn mìíràn sì ti kọjá sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n gígé ọdún kúrú kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Pínpín iṣẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáradára lè yẹ ojú wò ní Ìbíadé, kí ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí dókítà rí. Ìwọ̀n awò ojú kò sì nílò oníṣẹ́ abẹ rárá. Ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Eye Foundation tí Dókítà Kúnlé Hassan dá sílẹ̀ ní Èkó kò fi mọ sí Èkó. Ó dá ilé ìwòsàn ojú sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, tí kì í ṣe ìlú ńlá. Mo fẹ́ kí ó di dandan pé kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú lo oṣù díẹ̀ ní irú ibẹ̀, kí ó lè mọ bí àìsàn ti ń rí kí ó tó dé Ìbàdàn.

Ó ku ti àwa ará ìlú. Láyé àwọn bàbá wa, àwọn ẹgbẹ́ ìlú a máa dáwó jọ láti rán ọmọ lọ kàwé ní òkè òkun. Bí Ìbíadé bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ó fẹ́ di dókítà ojú, èmi kò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ó búra láti padà wá gbé ìlú. Irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bà jẹ́, nítorí ọwọ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́ yóò gbàgbé ohun tí ó kọ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́dún ni kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀nà dára. Kí nọ́ọ̀sì ti yẹ àwọn arúgbó wò sílẹ̀, kí a ti wọn ojú wọn láti mọ awò tí yóò bá olúkúlùkù mu, kí ẹgbẹ́ ìlú sì ti ra epo sínú ẹ̀rọ iná mànàmáná. Dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lè ṣe ogún ojú lójúmọ́. Ní ọjọ́ mẹ́rin, ọgọ́rin ni. Ọjọ́ karùn-ún ni yóò fi yẹ gbogbo wọn wò kí ó tó lọ, nọ́ọ̀sì yóò sì máa bá ìtọ́jú wọn lọ láti ibẹ̀.