Ohun Tó Wà Lábẹ́ Agbégilódò

Ilé-iṣẹ́ kan náà, General Motors, ló bí Chevrolet Impala àti lọ́rì Bedford TJ, 1958 sì ni wọ́n kọ ọdún ìbí àwọn méjèèjì sí. Impala, ọkọ̀ afẹ́ gbọọrọ, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Mẹ́síkò àti aláwọ̀ dúdú ní Los Angeles. Wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ọ̀dà. Bedford tí ẹ̀ka wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá wọ igbó Orè àti Odigbó. Àwọn tiwa gbé e sókè, wọ́n sì sọ ọ́ di agbégilódò.

Ní Amẹ́ríkà níbi tí mò ń gbé báyìí, mo rí bí wọ́n ṣe ń pọ́n àwọn tó ń rẹ mọ́tò sílẹ̀ lé. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àpò iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó sí búùtù, kó tó di pé wọ́n ń gé sípírìǹgì kúrú. Ìjọba California ṣòfin lọ́dún 1958 pé ara mọ́tò kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ rìmù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ron Aguirre, wá gbé pọ́ǹpù epo ti ọkọ̀ òfuurufú sínú Corvette rẹ̀. Bó bá rí ọlọ́pàá, pọ́ǹpù náà á gbé mọ́tò dìde dé ibi tí òfin fẹ́. Bí ọlọ́pàá bá ti lọ, á tún wólẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń lé wọn kiri nígbà náà ti di ohun àmúyangàn. Lọ́dún 2017, wọ́n gbé Gypsy Rose, Impala 1964 olódòdó ti olóògbé Jesse Valadez, sínú àpótí gíláàsì ní àárín gbùngbùn Washington kí gbogbo ayé wá wò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni California sì ti fa òfin 1958 yẹn ya.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní Orè, níbi tí ọ̀nà Ṣágámù, Benin, Oǹdó àti Òkìtìpupa ti pàdé, kò sí ẹni tí kò mọ agbégilódò. Igi gẹdú tí wọ́n ń dì lé e pọ̀ ju ohun tí àwọn tó ṣe é rò lọ, ọ̀nà igbó sì kún fún kùkùté àti kòtò. Sípírìǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Alágbẹ̀dẹ á tú u, á ki irin bọ iná, á fi òòlù lù ú kó lè tẹ̀ bí ọrun, á tún fi irin méjì mẹ́ta mìíràn kún un, kó tó fi bóòtù dè é padà. Ojú ló fi ń mọ ìgbà tí irin gbóná tó. Bó bá le jù, yóò kán lójijì nínú igbó. Bó bá sì rọ̀ jù, igi á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sí ìwé tó kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ojú iná sì ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò kéré sí ti Los Angeles rárá, ó sì dùn mí pé a kì í kà á sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn ará ilé nínú ohun gbogbo. Ẹni tó bá gé sípírìǹgì Impala, ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dùn ún, táyà òun náà ló máa ń jẹ láti inú. Ti lọ́rì yàtọ̀: irin tí a fi kún sípírìǹgì rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún bíréèkì rẹ̀. Lọ́rì náà á dúró ṣánṣán lábẹ́ ẹrù, dírẹ́bà á rò pé ó lè gbé e, kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí kọ́nà tí igi gíga yẹn máa tì í ṣubú. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Benin ni igi náà sì máa yí lù. Bí wọ́n bá fẹ́ tún sípírìǹgì ṣe, kí wọ́n tún bíréèkì ṣe lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì dín igi kù.

Kí ẹ̀yin tá a jọ wà lókè òkun náà gbọ́: ẹ má fi mọ́tò tí ẹ ti rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò yín nílé, níbi tí kòtò wà lọ́nà. Ẹ dá sípírìǹgì tó bá a wá padà sí i kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e.

General Motors ti ta iṣẹ́ lọ́rì Bedford láti 1987. Èyí tó bá kú nínú àwọn tó kù nínú igbó, gígé ni wọ́n máa ń gé e tà nírin àlòkù. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó: ẹ ra ọ̀kan kí wọ́n tó gé e, ẹ kọ́ àtíbàbà fún un ní Orè, níbi tí àwọn èrò ọ̀nà ti ń sọ̀ jẹun. Ẹ tú sípírìǹgì rẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé ìwé rí i. Kí ẹ sì kọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tó tẹ̀ ẹ́ sára pátákó, kí ayé lè mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ Jesse Valadez.