Káàdì Cowry l'Ékòó: Ta Ló Yẹ Kó Rà Á Nínú Àwa Oníṣòwò?

Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina nílùú Èkó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Red Line náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti Àgbádó dé Ọyìngbò. Èèyàn kì í fi owó pépà wọ èyíkéyìí nínú wọn. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Cowry ni èrò ń lò, òun náà ni wọ́n sì fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń ti Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ lọ nájà lọ́hùn-ún: ṣé ká ra káàdì ni, àbí ká máa wọ dáńfó wa lọ?

Ọ̀nà tí ẹ bá gbà wọ Èkó ló máa dáhùn. Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì, Mile 2 wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Blue Line ti ń gbéra. Ibùdó márùn-ún péré ló ní, Marina sì ni ìkẹyìn. Láti Marina, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé ọjà Balógun. Ní òwúrọ̀ tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá ti gba títì, àǹfààní ńlá nìyẹn. Ẹni tó bá gba Ìdìrókò àti Sáńgò Ọ̀tà, Red Line ló sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó rántí pé Ọyìngbò kò tíì dé Erékùṣù Èkó. Yóò tún wọ ọkọ̀ míì kó tó dé Balógun.

Káàdì ìrìnnà kì í ṣe oríṣi kan náà níbi gbogbo. Ẹni tó bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Paris, ó lè ra káàdì arìnrìn-àjò tí wọ́n ń pè ní Paris Visite, èyí tí wọ́n ń fi iye ọjọ́ tà. Tọ̀sẹ̀-tọ̀sẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló sì ń parí. Ẹni tó bá rà á lọ́jọ́bọ̀ ti pàdánù ọjọ́ mẹ́ta. Cowry yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ̀ ń ra káàdì, ẹ̀ ń kó owó sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa yọ owó bí ẹ bá ṣe ń wọkọ̀. Bí ẹ kò bá wọkọ̀ lónìí, kò sí owó ọjọ́ tó ṣòfò.

Nítorí náà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Owó káàdì fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ lóṣooṣù, owó káàdì yóò pín sórí ìrìn púpọ̀, kò ní dùn ún. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, owó káàdì lè pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa wọkọ̀, kí ẹ sì kó ìwọ̀n yẹn sínú rẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ kò ṣeé fi ra ọjà ní Kétu. Sẹ́fà kọ́ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, náírà ni. Ẹ ti ṣẹ́ owó yín kí ẹ tó dé ibùdó.

Àǹfààní kan tún wà tí a kì í sábà sọ: ẹ kò ní máa tú àpò owó ọjà láàárín èrò nítorí ṣénjì.

Ṣùgbọ́n káàdì kì í ru ẹrù. Èrò ni wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú irin yìí fún. Ẹni tó bá ra aṣọ bélì mẹ́ta, mọ́tò ni yóò gbé e padà, owó ọwọ́ ni yóò sì san. Bákan náà, láti Sẹ̀mẹ̀ dé Mile 2, owó ọwọ́ la ṣì ń san. Ìjọba Èkó ti ní in lérò láti fa Blue Line dé Òkókómàikò. Bó bá débẹ̀, yóò tún sún mọ́ wa díẹ̀ sí i.

Ní báyìí ná, ẹni tó ń lọ léraléra láìru ẹrù púpọ̀ ni kó ra Cowry. Àwọn yòókù, ẹ tọ́jú owó yín fún ọjà.