Àwòrán Tó Lè Wó Ilé Wa, Ó Yẹ Ká Rí I

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Olódò n'Ìbàdàn lónìí, ọmọ onílẹ̀ á búra pé ilẹ̀ náà kò ní wàhálà, agẹ́ǹtì á sì ṣe àmín. Ìwé tó lè já irọ́ àwọn méjèèjì ń bẹ ní Sẹkitéríàtì l'Ágódi, nínú àwòrán tí ìjọba fi sàmì sí ilẹ̀ tó ti gbà. Àmọ́ kí o tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, àfi kí o bẹ awọnlẹ̀, kó gbé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ yẹ̀wò, kí o sanwó, kí o tún dúró. Ọ̀pọ̀ ni kì í dúró. Ilé á ti dé líńtẹ̀ẹ̀lì kí wọ́n tó jí bá àmì pupa lára ògiri.

Ohun tí mo ń béèrè kò díjú. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé àwòrán náà síta lọ́fẹ̀ẹ́, òun àti pílánù àdúgbò tó ti fọwọ́ sí, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti àwọn ilé tó ti ní kí wọ́n wó. Kí wọ́n sì lẹ ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, fún bàbá àgbẹ̀ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo ọ̀nà àyíká Ìbàdàn tí wọ́n fi orúkọ Ládọjà pè, 110 kìlómítà tó gba oko àti abúlé wa kọjá. Nígbà tí ìjọba ní òun gba 500 mítà lápá ọ̀tún, 500 mítà lápá òsì, igbe ta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ké ló ti kọ́lé, tó ti kó wọlé. Mi ò bá ìjọba jà pé ó la ọ̀nà. Kí ló dé tí ìlà 500 mítà yẹn kò sí lójú fóònù ẹni tó ń sanwó, ní gbogbo ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ ń ta ilẹ̀ náà?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àjèjì ti ṣe lára iṣẹ́ náà. Ní 2021, Google gbé Open Buildings jáde: kọ̀ǹpútà wo fọ́tò sátẹ́láìtì, ó fa ìlà yí òrùlé ká káàkiri Áfíríkà, ó sì kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Google kò mọ ilẹ̀ tí ìjọba gbà, kò sì mọ ilé tó ní ìwé àṣẹ. Ìjọba ló mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó lé e. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà ń di ilẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo wa ni. Alájọ wo ló ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà kó tó fi káàdì rẹ̀ hàn án?

Wọ́n á ní àwòrán náà ti gbó, pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ó dáa. Òun náà ni katapílà ń tẹ̀ lé. Bó bá péye tó láti wó ilé, ó péye tó fún onílé láti wò. Wọ́n á ní àṣírí onílé á tú. Ta ló ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹnikẹ́ni? Ní Netherlands, ẹnikẹ́ni lè wo ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kan, bó ṣe fẹ̀ tó, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Orúkọ onílé kò sí níbẹ̀. Ti owó tó ń wọlé fún ìjọba nìkan ni mo lè gbọ́ díẹ̀: kí wọ́n máa gbowó lórí ẹ̀dà tí wọ́n lu ní òǹtẹ̀. Wíwò lásán kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2024, ilé wó ní Jẹ́gẹ́dẹ́, lágbègbè Olúnlọ́yọ̀ n'Ìbàdàn, èèyàn mẹ́wàá kú. Mi ò sọ pé ìwé ìbá gbé ilé náà ró. Àmọ́ ó yẹ kí ayálégbé tó fẹ́ san owó ọdún kan lè kọ́kọ́ wò ó bóyá ìjọba fọwọ́ sí òkè tí onílé gbé lé ilé rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ńkọ́? Oníbúlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà Ìwó, ẹni tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hòó, ẹni tó ń ta sólà, bí wọ́n bá mọ ibi tí ìjọba ti ń fọwọ́ sí pílánù, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á gbé irinṣẹ́ lọ. Lọ́wọ́ báyìí, ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní ọ́fíìsì ló ń tètè mọ̀.

Òfin tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti 2011, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ méje ni òfin fún ọ́fíìsì láti fèsì. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Olódò kọ lẹ́tà wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ ọjọ́ sára ẹ̀dà, kí wọ́n sì wá lọ́yà sílẹ̀ de ọjọ́ kẹjọ.