Ẹṣin inú géèmù: ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fẹ́ gùn ún

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí yín, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ni. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́ méjì wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Èkíní á ní kẹ́ ẹ fún òun lówó kóun fi ra ẹran ọ̀sìn kan tó wà nínú fóònù, pé ẹran náà yóò máa bímọ, ẹ ó máa ta ọmọ rẹ̀, dọ́là yóò sì máa wọlé. Èkejì á ní kẹ́ ẹ ran òun lọ́wọ́ láti ra kọ̀ǹpútà, nítorí pé òun fẹ́ ṣe géèmù kan táwọn èèyàn yóò ti máa gun ẹṣin, tí ajá ọdẹ yóò sì máa tẹ̀ lé wọn.

Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan náà làwọn méjèèjì. Ẹranko tí kò sí láyé ni wọ́n fẹ́ gbowó lé lórí. Èmi ní tèmi sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ẹ sá fún èkíní. Ẹ fún èkejì ní àga kó jókòó, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oríṣi géèmù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbá a máa ń gbé ìrísí ẹlòmíràn wọ̀. Ó lè di ọdẹ, ó lè di jagunjagun, ó sì lè di oníṣègùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa ń jọ wà nínú ayé kan náà, tí wọ́n ń rìnrìn àjò, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń nájà. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ gan-an nínú wọn ni World of Warcraft, tí ilé iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Lára ohun tó máa ń jẹ́ káwọn èèyàn padà sínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ni ẹranko tí wọ́n ń gùn àti ẹran ọ̀sìn tó ń bá wọn rìn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹranko méjèèjì yìí dáadáa, iṣẹ́ gidi ló mọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ọ̀dọ́ kejì ni pé: báwo ni ẹṣin rẹ yóò ṣe yára tó, ìgbà wo lẹni tó ń gbá géèmù yóò sì rí i gùn? Nígbà tí World of Warcraft kọ́kọ́ jáde, ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń rìn níbẹ̀ títí wọ́n fi dé ìpele 40, wọ́n á sì ti tọ́jú wúrà inú géèmù jọ kí wọ́n tó lè ra ẹranko tí wọ́n máa gùn. Ìrìn ẹsẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ẹṣin náà dùn. Ẹ wo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn láti títì márosẹ̀ wọ inú àdúgbò láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó bá ra ọ̀kadà tirẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé ọ̀kadà náà fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò lè dùn tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìyára ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2007, Blizzard fi ẹranko tó ń fò sínú géèmù náà. Inú àwọn èèyàn dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fò lókè kì í rí ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀ tuntun jáde nínú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fò níbẹ̀. Ariwo ta. Nígbà tó di ọdún 2015, wọ́n dá fífò padà, àmọ́ ẹni tó bá ti rin ilẹ̀ náà dáadáa nìkan ni wọ́n gbà láàyè.

Àwa tá a wà létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù. Ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lọ sí Ìbàdàn kì í ra búrẹ́dì wa, kì í sì í ṣe fóònù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Mówè, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fàdà, òun ni oníbàárà wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù rí. Bí ẹṣin bá yára jù, àwọn ìlú àti ọjà tí wọ́n náwó yà síbẹ̀ kò ní rẹ́ni wò wọ́n.

Ìtàn wa pàápàá ní ọgbọ́n tí ọ̀dọ́ náà lè lò. Ẹṣin wà lára ohun tó sọ àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ di ẹni ẹ̀rù ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ni wọ́n sì ti ń rà á. Àmọ́ bí wọ́n bá wọ igbó kìjikìji, eṣinṣin tó ń fa àìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹṣin, igi ò sì ní jẹ́ kó sáré. Ẹ jẹ́ kí géèmù náà rí bẹ́ẹ̀: kí ẹṣin lágbára ní ọ̀dàn, kí ọkọ̀ ojú omi lágbára lórí odò Ògùn, kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ajá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá nínú igbó. Nígbà náà, kò ní sí ẹranko kan tó máa sọ àwọn yòókù di aláìwúlò.

Ìbéèrè kejì: bí wọ́n bá mú iná lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ajá náà? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1996, ilé iṣẹ́ Bandai ní Japan gbé ohun ìṣeré kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Tamagotchi, tó rí bí ẹyin. Ẹran ọ̀sìn kan wà nínú rẹ̀ tí ebi máa ń pa, bí olówó rẹ̀ kò bá sì bójú tó o, ó máa kú. Àwọn ọmọ ń gbé e lọ sí ilé ìwé kó má bàa kú, débi pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé fòfin dè é.

Ẹ wá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá sí Ifọ̀, níbi tí wọ́n ti lè mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí fóònù ti kú, tí owó dátà sì ti tán. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá kú nítorí pé kò síná kò ní ra òmíràn, ńṣe ló máa yọ géèmù náà kúrò. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ajá náà wọgbó lọ nígbà tí olówó rẹ̀ kò bá sí nílé, kó sì ti gbé ẹran bọ̀ wá dè é lọ́jọ́ tó bá padà dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Oníbàárà tí kò yà lọ́dọ̀ yín láti oṣù kan, ẹ kì í bú u. Ẹ ó kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó sì fi ènì sí ọjà rẹ̀. Ènì yẹn ni kó wà nínú géèmù.

Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ọ̀ṣọ́ lo fẹ́ tà ni, àbí agbára? Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jáde. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbẹ̀ tàn ká ayé. Ẹṣin yẹn kò fún un lágbára láti fìyà jẹ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹwà àti iyì ló fún un, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn náà sì gbádùn ìran. Télọ̀ jẹ níbẹ̀, aláṣọ jẹ níbẹ̀, ayàwòrán náà jẹ níbẹ̀.

Ohun tí Blizzard ṣe gan-an nìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Wọ́n gbé ẹṣin kan jáde tó ń tàn bí ìràwọ̀, dọ́là 25 ni wọ́n sì ń tà á, yàtọ̀ sí owó tí àwọn oníbàárà wọn ń san lóṣooṣù tẹ́lẹ̀. Ẹṣin náà kò yára ju èyí tó dáa jù tí ẹni tó rà á ti ní lọ. Síbẹ̀, àwọn èèyàn tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti rà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹni tó bá ń ta agbára, owó rẹ̀ máa tètè wọlé. Òótọ́ ni, ó máa ń tètè wọlé. Àmọ́ tí ọmọ tí kò lówó bá ti rí i pé bó ti wù kóun gbìyànjú tó, ọmọ olówó tó ra ẹṣin alágbára ló máa lu òun, ó máa kúrò níbẹ̀. Bí gbogbo àwọn tí kò lówó bá wá lọ tán, ta làwọn olówó máa fi ẹṣin wọn hàn? Ọjà náà á tú nìyẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ní ẹran inú fóònù yóò bímọ. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Sky Mavis ní Vietnam gbé géèmù Axie Infinity jáde. Nígbà tó gbóná ní ọdún 2021, ẹran mẹ́ta lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là sì ni. Ní Philippines, níbi tí àrùn Kòrónà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn tí kò lówó ń gba ẹran lọ́wọ́ olówó, wọ́n sì ń pín ohun tí wọ́n bá pa, bí ẹni tó ni Márúwá ṣe ń gbé e fún awakọ̀ kó máa mú owó wá fún un. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ SLP ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ní ọdún 2021, ẹyọ kan rẹ̀ ju sẹ́ǹtì 30 lọ nígbà kan. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2022, kò tó sẹ́ǹtì kan mọ́.

Kí ló fà á? Ká ní gbogbo ilé ní Ifọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ehoro, tí kò sì sẹ́ni tó ń pa á jẹ, tó jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ehoro nìkan ló ń rà á. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tuntun bá ń wọlé, owó á máa wọlé. Lọ́jọ́ tí àwọn tuntun bá dáwọ́ dúró, ehoro á kún ilé, kò sì ní sí oníbàárà. Bí SLP ṣe rí nìyẹn: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú un jáde, ohun tí wọ́n sì ń lò ó fún jù ni láti mú kí ẹran bí òmíràn. Kí wọ́n tó kúrò nínú ìyẹn, ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí owó tó ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ nínú ètò ìnáwó géèmù náà. Àwọn FBI ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn olè kan láti North Korea ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Owó ọjà yín kọ́ ló yẹ kó wà lẹ́yìn ẹṣin náà lọ́jọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé àwa náà lè ṣe géèmù? Wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 2012, Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, ọ̀kan nínú àwọn géèmù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sì ni Okada Ride. Ọ̀kadà tiwa ni wọ́n sọ di ohun tí èèyàn ń gùn níbẹ̀. Ní Yaoundé lórílẹ̀-èdè Cameroon, Kiro'o Games gbé Aurion jáde ní ọdún 2016, géèmù tó dá lórí àṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Wọn kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá bíi Blizzard, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kejì bá dáhùn ìbéèrè yín dáadáa, ẹ má kó gbogbo owó fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ya ẹṣin àti ajá rẹ̀ sórí páálí, kó fi bátánì géèmù náà hàn yín, káwọn ọmọ àdúgbò sì gbá a lórí tábìlì. Bí wọ́n bá ní àwọn tún fẹ́ gbá a lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó ṣe ẹṣin kan àti ajá kan péré, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, tí kò ní bà jẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Bó bá gbọ́n, egungun kan náà ló máa lò fún ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ràkúnmí, tó máa kàn pààrọ̀ awọ àti aṣọ wọn, bí télọ̀ ṣe ń fi bátánì kan gé oríṣiríṣi aṣọ. Ìyẹn máa dín ìnáwó kù gan-an. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ nípa ẹni tó ni àwòrán àti bí ẹ ó ṣe pín èrè. Ẹ sì rántí pé ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń yọ tirẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Ní ọdún 2021, Google dín tirẹ̀ kù sí 15 nínú 100 lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa lọ́dún.

Gbogbo ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ. Ẹranko inú géèmù dà bí ọjà yòókù: ẹni tó fẹ́ lò ó ló ń fún un ní iye, kì í ṣe ẹni tó ń retí àtitún un tà. Bí ẹnì kan bá gbé e wá fún yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló fẹ́ gùn ún, àti pé kí ni ẹni náà máa gbádùn níbẹ̀. Bí kò bá rí ìdáhùn ju pé owó rẹ̀ máa gòkè, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ dá oníbàárà tó wà níwájú yín lóhùn.