Òṣùwọ̀n wo ni a ó fi wọn àká ìmọ̀ ìṣègùn?

Kóńgò ni a fi ń wọn ìrẹsì tí a mọ Ìgbẹmọ-Èkìtì mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àgbẹ̀ ibẹ̀ léèrè àǹfààní irúgbìn tí ó tọ́jú láti èṣí, iye kóńgò kọ́ ni yóò fi dáhùn. Oko tí ó fi gbìn ni yóò tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a ṣe sí àká dátà ìwádìí ìṣègùn, ìyẹn ibi tí àwọn onímọ̀ ń kó àbájáde iṣẹ́ wọn pa mọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Eku ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, ibi tí a bá sì kó oúnjẹ jọ sí ni eku ń wá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó bá wa pààlà wà lára àwọn tí ibà náà ń bá jà jù. Ní ọdún 2018, ó jà ní Nàìjíríà ju bí a ti rí i rí lọ. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn pé bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà, tí ó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn wéréwéré. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Edo, àti ní ACEGID, ilé ìwádìí Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn lókè òkun, ṣe àyẹ̀wò àbùdá fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì fi í wé ti àwọn ọdún ìṣáájú tí ó ti wà nínú àká. Wọ́n rí i pé ìran àtijọ́ náà ni, àti pé ara eku ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti kó o. Bí kò bá sí èyí tí a ti kó pa mọ́, kí ni wọn ìbá fi í wé?

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi owó wọn irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní 2016, ìwádìí kan jáde lórí àká European Bioinformatics Institute ní Hinxton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bi àwọn tí ń lò ó léèrè iye àkókò tí ó ń bá wọn dín kù, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé àǹfààní rẹ̀ ju ìlọ́po 20 owó tí a ń ná sí i lọ. Ìṣirò náà kò burú. Àmọ́ owó iṣẹ́ onímọ̀ ìlú òyìnbó ni ó gbé e ró. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yẹn wá sí Ẹdẹ, níbi tí owó oṣù kò tó nǹkan (ta ni kò mọ̀ nínú àwa olùkọ́?), iṣẹ́ kan náà yóò dà bí ohun yẹpẹrẹ.

Ní èrò tiwa, ohun tí kò ṣeé rí gbà mọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára ẹni tí ibà náà ti pa, ibo ni a ó ti tún un gbà? Lẹ́yìn èyí, kí àwọn tí ń náwó sórí àká wọ̀nyí máa béèrè iye ọjọ́ tí ó gba ìdáhùn láti ti inú kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ní Ìgbẹmọ, kí wọ́n sì kọ iye náà sílẹ̀ lọ́dọọdún.