Ẹ Jẹ́ Kí Oníṣẹ́ Ọnà Jókòó Nínú Ìgbìmọ̀ Ọ̀dọ́

 

Bí ẹgbẹ́ tí ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ bá fẹ́ yan ìgbìmọ̀, olówó àti olóyè ni a máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ẹnì kan bá dárúkọ oníṣẹ́ ọnà, àwọn kan a ní kí ni aláró mọ̀ nípa ọ̀ràn ọmọ. Àwọn mìíràn a ní iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ẹ̀sìn mu. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí a bí ní 1951. Lọ́wọ́ ìyá àgbà ilé wọn ni ó ti kọ́ àdìrẹ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ owó, kò fi àánú mọ sí owó oúnjẹ nìkan. Ní 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2000 ìjọba Ítálì pè é kí ó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ wa tí wọ́n ń ṣe aṣẹ́wó lọ́hùn-ún. Ní 2006 wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ náà.

Ní Èkìtì wa níhìn-ín ńkọ́? Ní Ọ̀yẹ́ ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, nínú ilé iṣẹ́ tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1947. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ. Òun náà kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó kú ní 2009.

Mo mọ̀ pé àwọn alùfáà wa kò fẹ́ ère gbígbẹ́, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ rírẹ, aṣọ híhun, awọ ṣíṣe àti ìkòkò mímọ, èwo ni èèwọ̀ níbẹ̀? Ọba ni Ànábì Dáwúdà, síbẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi rọ ẹ̀wù irin.

Ṣùgbọ́n bí a bá gba oníṣẹ́ ọnà wọlé nítorí orúkọ àti owó rẹ̀ nìkan, a kò ṣe nǹkan kan. Kí a bi í léèrè: ọmọ mélòó ni o lè gbà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún? Kí àwa náà dáhùn tiwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà nítorí owó ìwọṣẹ́, irinṣẹ́ àti ìnáwó fúríìdọ̀mù. Ọmọ tálákà ni wọ́n. Sàká wa tọ́ sí wọn. Ẹ̀yin oníṣòwò Ìjurin, Ìjerò àti Aràmọ̀kọ, bí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ tán, ẹ gba ọjà rẹ̀ sórí àtẹ yín.

Àga kan ṣoṣo ni mo tọrọ fún oníṣẹ́ ọnà. Ẹ fún un, kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí Ọlọ́run fi iṣẹ́ halálì sọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.