Ẹ Má Fi Wáyà Rọ́pò Fúsíbù Nítorí Rédíò

Peugeot àtijọ́ kan la wọ̀ láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ láìpẹ́ yìí. Kí a tó dé Pobẹ̀, rédíò dákẹ́. Awakọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó yọ fúsíbù tó jó, ó ki wáyà bàbà tín-ín-rín kan bọ ibẹ̀, orin sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa ò pàtẹ́wọ́, nítorí kéègì epo kpayo wà lẹ́yìn ìjókòó wa.

Fúsíbù kì í jó lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kú kí wáyà tó gbóná jù. Bí a bá fi wáyà rọ́pò rẹ̀, wáyà inú ọkọ̀ gan-an ló máa jó, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ojú ò tó. Nínú ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún, rọ́bà ara wáyà á ti gbẹ, á ti máa ya. Níbi tí wáyà bá ti gba inú ihò irin kọjá, irin á máa ha á díẹ̀díẹ̀ títí bàbà á fi kan ara ọkọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

A mọ ohun tí àwọn awakọ̀ máa sọ: owó oníṣẹ́ iná pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tó ni ọkọ̀ náà kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ fara balẹ̀. "Ṣe é kíá, èrò ń dúró!" Ẹni tí a fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ló fẹ́ ṣe ju pé kó so pupa mọ́ pupa, yẹ́lò mọ́ yẹ́lò lọ? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọ̀ wáyà rédíò tuntun kì í sábà bá ti ọkọ̀ àtijọ́ mu. Lára rédíò, yẹ́lò ni iná tí kì í kú, òun ló ń tọ́jú aago àti àwọn ibùdó tí a yàn. Pupa ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Dúdú ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Nínú àwọn Volkswagen àti Peugeot kan, ipò yẹ́lò àti pupa yí padà nínú pulọ́ọ̀gì, ni rédíò ṣe ń gbàgbé gbogbo ibùdó tí a bá ti pa ọkọ̀. Àwọn kan á wá so méjèèjì mọ́ bátìrì. Tí wọ́n bá gbàgbé rédíò sílẹ̀ lálẹ́, ọkọ̀ títì ni wọn ó fi mọ́jú. Gílóòbù kékeré tí a so wáyà méjì mọ́ ti tó láti mọ èwo lèwo.

Ẹlòmíràn á ra rédíò kejì, nígbà tó jẹ́ pé wáyà dúdú ló ti dípẹtà. Ariwo tó ń ga bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré, ibẹ̀ ló sábà ti ń wá.

Kí àwọn olórí gáréèjì máa ṣí àpótí fúsíbù wò kí ọkọ̀ tó kó èrò. Èyí tí wọ́n bá bá wáyà nínú rẹ̀, kó má kó ẹnì kankan.

Ní Pobẹ̀, ìyá kan tó ń ta gàrí kọ̀ láti padà wọ ọkọ̀ wa. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ tó lọ ra fúsíbù. Kí a tó jáde nílùú, òun náà ti jó. A dé Àjàṣẹ́ láìgbọ́ orin.